Ẹ Má Jẹ́ Kí Ohùn Yorùbá Nù Lẹ́nu Ọmọ Yín
Ẹ̀yin ọmọ Oòduà tí ń gbé Narayi ní ìlú Kàdúná, Gẹ̀ẹ́sì àti Haúsá yẹ ọmọ yín, ṣùgbọ́n wọn kò tó. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ‘cast’, ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe ohun tí Yorùbá yà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Apẹja ń ju àwọ̀n, ará ìlú ń dìbò, babaláwo ń dá Ifá. Àwọn baba ńlá wa yọ́ idẹ, wọ́n sì dà á di àwọn orí tí a hú jáde ní agboolé Wúnmọníjẹ̀, Ilé-Ifẹ̀, ní 1938. Ohùn nìkan ni ó ya ‘dá’ kúrò lára ‘dà’. Ẹnu òbí ni ọmọ ti ń gbọ́ ohùn náà. Ẹni tí kò bá ọmọ rẹ̀ sọ Yorùbá nílé, kí ó má dá a lẹ́bi lọ́la.