Kágò Kí O Tó Ju Ìwọ̀ Sómi

Àwọn kan a máa wí pé omi kò ní olúwa. Kò rí bẹ́ẹ̀ ní Arnhem Land, ní àríwá ilẹ̀ Ọsirélíà. Òfin ọdún 1976 fi ilẹ̀ náà lé àwọn tí a bí síbẹ̀ lọ́wọ́. Àlejò kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́ láìgba ìwé àṣẹ. Ní ọdún 2008, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ilẹ̀ náà dá àwọn Yolngu ti Blue Mud Bay láre: omi òkun tó ń bo etí ilẹ̀ wọn, tó tún ń fà sẹ́yìn, wà lábẹ́ àṣẹ wọn pẹ̀lú. Ẹni tó ń pẹja tà àti ẹni tó ń fi ìwọ̀ ṣeré ní láti tọrọ àyè.

Inú bí àwọn afìwọ̀ṣeré. Ẹ má sì fi àwọn onílẹ̀ wọ̀nyí wé àwọn tiwa tí ń gbowó lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti tà. Tiwọn kò ṣeé tà. Àwọn ló mọ ibi tí ọ̀nì ń ba sí, àti ibi ọ̀wọ̀ tí àlejò kì í tẹ̀. Nílé wa, bí a bá kágò tí a kò gbọ́ “àgò yà,” ìta la ń dúró. Bí Yolngu bá ní rárá, kí apẹja ká okùn rẹ̀, kó gba ibòmíràn lọ.