BVAS àti ẹ̀dà ìpamọ́: ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan àwọn ará etíkun Ìlàjẹ

Ní ọjọ́ 8, oṣù kẹta, ọdún 2023, àjọ elétò ìdìbò, INEC, kéde pé ìbò gómìnà àti tilé aṣòfin ìpínlẹ̀ tó yẹ kó wáyé lọ́jọ́ 11 ti di ọjọ́ 18. Ẹ̀rọ BVAS tí wọ́n lò fún ìbò ààrẹ lé ní 176,000, ohun tó wà nínú wọn sì gbọ́dọ̀ wọ inú kọ̀ǹpútà ńlá àjọ náà kí wọ́n tó tún wọn tò. Ọjọ́ náà gan-an ni ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ṣẹ̀ṣẹ̀ fún wọn láyè, torí pé ẹgbẹ́ Labour àti Peter Obi ò fẹ́ kí ẹ̀rí pòórá.

Oǹdó kò dìbò gómìnà lọ́jọ́ 18 yẹn o, tilé aṣòfin ni wọ́n dì. Ṣùgbọ́n láti Igbókòdá, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé ẹ̀rọ lọ sí ọ̀pọ̀ ibùdó ìdìbò etíkun, òun náà ló sì ń gbé e bọ̀. Ní Ayétòrò, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1947, òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé lọ. Bí ẹ̀rọ kan bá bọ́ sómi kí wọ́n tó ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kí ni wọn yóò fi mọ iye ẹni tó dìbò níbẹ̀?

Ní ti kọ̀ǹpútà, ọ̀nà wà tí iṣẹ́ náà fi ń yá. Àkọsílẹ̀ ńlá tí wọ́n ń dá padà láti inú ẹ̀dà kì í pẹ́ nítorí pé ó pọ̀ nìkan. Bí ìlà kan bá ti ń wọlé ni kọ̀ǹpútà ń to atọ́ka rẹ̀, tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó bá àwọn yòókù mu, kó tó gba òmíràn. Bí ẹlẹ́ja tó gúnlẹ̀ sí èbúté Igbókòdá bá ń gbé ẹja kọ̀ọ̀kan jáde, tó ń wọ̀n ọ́n, tó ń to ó sórí àtẹ kó tó padà mú ìkejì, ilẹ̀ á ṣú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ohun tí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ń ṣe ni pé wọ́n á pín in sí ọ̀nà púpọ̀, wọ́n á kó gbogbo rẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́yìn náà ni wọ́n á tó to atọ́ka. Àyẹ̀wò tí wọ́n bá sì dá dúró, dandan ni kí wọ́n padà ṣe é, torí adájọ́ kò ní gba àkọsílẹ̀ tó tètè wọlé ṣùgbọ́n tó lábùkù.

Ọgbọ́n yìí ìbá má yanjú gbogbo rẹ̀ lọ́dún 2023, nítorí pé kí ẹ̀rọ tó dé iwájú kọ̀ǹpútà gan-an ni wàhálà ti wà. Ní Ìlàjẹ, Igbókòdá ló yẹ kí ẹ̀dà ti bẹ̀rẹ̀, lálẹ́ ọjọ́ ìbò, gbàrà tí ọkọ̀ bá ti gúnlẹ̀, lójú àwọn aṣojú ẹgbẹ́ òṣèlú, láìdúró de àṣẹ láti Àbújá.