Ẹ Má Yọ Ojú-Ìwé Sáyẹ́ǹsì Kúrò Nínú Ìwé Ìròyìn Wa

Ní ìpàdé wa tó kọjá, àwọn kan dá a lábàá pé láti táàmù tó ń bọ̀, kí a yọ ojú-ìwé sáyẹ́ǹsì kúrò nínú ìwé ìròyìn yìí. Wọ́n ní owó fọ́tókọ́pì ti wọ́n, ojú-ìwé mẹ́rin péré la sì ní. Wọ́n ní òwe, àlọ́ àti oríkì ni iṣẹ́ ẹgbẹ́ Yorùbá, kí sáyẹ́ǹsì máa lọ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ JETS. Mi ò fara mọ́ ọn rárá, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀ kí a tó dìbò lọ́jọ́ Jímọ̀.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Dogon Dutse ni iléèwé wa wà, ìyẹn ni pé àwọn Háúsá pè é ní òkúta gíga. Inú ìlú Jos yìí kan náà ni Yunifásítì Jos wà. Ọdún 1971 ló bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ka Yunifásítì Ìbàdàn. Nígbà tó di 1975, ó dá dúró. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá! Láti ìgbà náà ni ìwádìí ti ń jáde níbẹ̀ lóríṣiríṣi: ti ìṣègùn, ti ewéko, ti ẹyẹ, ti ilẹ̀ tí àwọn awakùsà gbẹ́ kalẹ̀ káàkiri Plateau.

Kí ló wá ń ṣẹlẹ̀ sí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀? Ọ̀jọ̀gbọ́n á kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, jọ́nà kan á tẹ̀ ẹ́ jáde, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n mìíràn á kà á. Ìyẹn dára, nítorí ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ yẹ iṣẹ́ ẹni wò. Ṣùgbọ́n ìyá tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe ìwádìí náà ńkọ́? Àgbẹ̀ tí wọ́n wa erùpẹ̀ oko rẹ̀ lọ ńkọ́? Lójú tèmi, ìwádìí tí kò tíì dé etí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn, kò tíì parí.

Ẹ jẹ́ kí n fi ibà Lassa ṣe àpẹẹrẹ, nítorí Jos wà nínú ìtàn rẹ̀ kí yunifásítì tó dé síbí. Ní oṣù kìíní ọdún 1969, àìsàn kọlu nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Laura Wine ní ìlú Lassa, tó wà ní Ìpínlẹ̀ Borno lónìí. Wọ́n gbé e wá sí ilé ìwòsàn àwọn míṣọ́nárì ní Jos, ibẹ̀ ló sì kú sí. Charlotte Shaw, nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀, kó àrùn náà, òun náà kú. Ẹnì kẹta, Lily Pinneo, ni wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú gbé lọ sí New York, ó sì yè é. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Yale ló yẹ ẹ̀jẹ̀ wò títí wọ́n fi rí fáírọ́ọ̀sì tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ rí. Ní ọdún 1970, àrùn náà tún jà ní Jos. Dókítà Jeanette Troup ń yẹ òkú àwọn aláìsàn wò kí ó lè mọ ohun tó pa wọ́n. Níbi iṣẹ́ yẹn ló ti kó o, tó sì kú. Ẹ̀mí èèyàn ló lọ sí ìmọ̀ yìí.

Lónìí, Ìpínlẹ̀ Ondo wà pẹ̀lú Edo àti Bauchi lára ibi tí ibà náà ti ń pọ̀ jù ní Nàìjíríà. Ọ̀wọ̀, tó jẹ́ ìlú Yorùbá, ni ọ̀kan lára àwọn ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó ń tọ́jú rẹ̀ wà. Ohun tí ìwádìí sọ kò sì le láti yé èèyàn: eku kan tó máa ń wọ inú ilé ló ń gbé fáírọ́ọ̀sì náà kiri, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ ló ń kó o sínú oúnjẹ, ẹ̀jẹ̀ àti omi ara aláìsàn náà sì lè fi ran ẹlòmíràn. Nítorí náà, kí a bo oúnjẹ, kí a má sá láfún sẹ́bàá títì, kí a má jẹ eku. Ṣé Gẹ̀ẹ́sì la fẹ́ fi sọ èyí fún ìyá tó ń sá láfún?

Ní táàmù tó kọjá, ojú-ìwé sáyẹ́ǹsì wa gbé ọ̀rọ̀ yìí jáde ní Yorùbá. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ike onídèérí fi ń wọ lọ́kà lọ́kọ̀ọ̀kan ní họ́sítẹ́ẹ̀lì wa, tí gaàrí inú ọ̀rá sì ń dínkù. Lọ́jọ́ tí àwọn òbí wá bẹ̀ wá wò, ọ̀rẹ́ mi kan kà á fún ìyá ìyá rẹ̀ tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá. Màmá ní kí ó tún un kà, wọ́n sì ká ìwé náà sínú báàgì wọn. Mi ò tíì rí ẹni tó ká oríkì wa sínú báàgì, ẹ má bínú o.

Ẹ tún wo ti ewéko. Yunifásítì Jos ní ibùdó ìwádìí lórí oògùn inú ewéko, ọ̀kan lára àwọn ibùdó tí Báńkì Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ sí í ràn lọ́wọ́ ní Áfíríkà ní 2014. Irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ máa ń bèèrè pé kí ló wà nínú ewé àti egbò, kí ni wọ́n lè wò, ìwọ̀n wo ló lè pa èèyàn lára. Ẹni tó bá ń ka iṣẹ́ nípa ewé á bá Vernonia amygdalina pàdé níbẹ̀. Ìyá ẹlẹ́wé ọmọ kò mọ orúkọ yẹn, bẹ́ẹ̀ ewúro tó wà nínú agbọ̀n rẹ̀ náà ni. Shuwaka ni ìyá Háúsá tó jókòó tì í ń pè é. Ta ni yóò wá so orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀? Ẹni tó gbọ́ Yorùbá, tó gbọ́ Háúsá ọjà, tó sì ń ka bàọ́lọ́jì ni. Àwa kúkú nìyẹn!

Ẹ̀yin tí ẹ ní àlọ́ lẹ fẹ́, ẹ gbọ́ èyí. Ní Laminga, létí Jos níbí, ilé ìwádìí ẹyẹ A. P. Leventis wà nínú igbó Amurum, òun àti Yunifásítì Jos sì jọ ń ṣiṣẹ́ ni. Ẹyẹ kékeré pupa kan ń gbé àárín àpáta ní Plateau yìí tí sáyẹ́ǹsì kò ní orúkọ fún títí di 1998, tí Robert Payne kọ nípa rẹ̀. Ẹyẹ dúdú mìíràn wà tó ń yé ẹyin tirẹ̀ sínú ìtẹ́ ẹyẹ pupa yìí. Bí akọ ọmọ rẹ̀ bá dàgbà, orin alágbàtọ́ rẹ̀ ló máa ń sín jẹ. Ìtàn yìí dùn tó ti ìjàpá, òótọ́ sì ni.

Àwọn kan ní Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ fún sáyẹ́ǹsì. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju ẹgbẹ́ wọn lọ, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ kì í hù bí olú. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ gírámà tí a ń kọ nínú ìdánwò Yorùbá, èèyàn ló jókòó ṣẹ̀dá wọn. Ìwé Èdè-Ìperí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó.

Àtakò tó wúwo jù ni ti olùkọ́ wa kan, tí wọ́n ní ọmọ iléèwé lè túmọ̀ ìwádìí lódì, kí ẹnìkan sì fi ṣe ara rẹ̀ léṣe. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Kí olùkọ́ bàọ́lọ́jì kọ́kọ́ ka ojú-ìwé náà kí ó tó jáde. Kí a máa sọ ẹni tó ṣe ìwádìí, ibi tó ti ṣe é, àti iye èèyàn tó yẹ̀ wò. Kí a má ṣe júwe oògùn fún ẹnikẹ́ni láé. Kí a sì máa rán ara wa létí pé ìwádìí kan ṣoṣo kì í ṣe òpin ọ̀rọ̀.

Tó bá jẹ́ owó ni, ẹ jẹ́ kí a yọ fọ́tò ayẹyẹ wa, èyí tó máa ń gba ojú-ìwé kan odindi, tí fọ́tókọ́pì sì máa ń sọ gbogbo wa di òjìji. Àwọn ọmọ Berom, Afizere àti Háúsá tí wọ́n wà láàárín wa náà lè máa ṣe irú rẹ̀ ní èdè tiwọn. A ó jọ máa pààrọ̀ ìwé ni.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ nawọ́ yín sókè kí ojú-ìwé náà dúró. Mo ti ń kọ ti oṣù tó ń bọ̀, lórí ẹyẹ àárín àpáta. Olùkọ́ bàọ́lọ́jì wa sì ti gbà láti bá mi yẹ̀ ẹ́ wò.