Oríkì Nìkan Kò Lè Gba Ìjàkadì Ọ̀fà Là

Ẹ̀yin ọmọ Ìyẹ̀rú Ọ̀kín, ọ̀rọ̀ kan wà tó ti mọ́ wa lára débi pé a kì í yẹ̀ ẹ́ wò mọ́. A máa ń sọ pé ìjàkadì kì í ṣe ohun tí à ń kọ sínú ìwé: àbímọ́ ọmọ Ọ̀fà ni, oríkì ń pa á mọ́, ọdún Onímọ́kà sì ń jí i dìde, nítorí náà kò lè parun. Kò rí bẹ́ẹ̀. Oríkì pe ìjàkadì ní orò ìlú wa, ṣùgbọ́n kò sọ bí wọ́n ṣe ń jà á. Kò sọ ibi tí ọwọ́ ti ń di ènìyàn mú, ẹsẹ̀ wo ló ń ṣáájú, tàbí ohun tí ẹni tí wọ́n ti gbá mú níbàdí lè ṣe kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà kanlẹ̀. Ọmọ tó bá mọ oríkì náà dópin tó sì bọ́ sáàárín agbo, òkìkí nìkan ló mú dání.

Ẹ jẹ́ ká wo àwọn tí irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ti parun mọ́ lọ́wọ́ rí. Ní Jámánì àti Ítálì, ní nǹkan bí 600 ọdún sẹ́yìn, àwọn ọ̀gá wà tó ń kọ́ni ní ìjàkadì pọ̀ mọ́ ìjà idà. Nígbà tó yá, ìbọn gba ipò idà, àwọn ọ̀gá kú, kò sì sí ọmọ iṣẹ́ tó gba ìjà idà ńlá ayé ìgbà náà lọ́wọ́ wọn. Síbẹ̀, lónìí, àwọn ènìyàn Yúróòpù àti Amẹ́ríkà tún ń kọ́ ọ. Wọ́n ní ẹgbẹ́, wọ́n ní ìdíje, wọ́n sì ń kọ̀wé lé e lórí, torí wọ́n mọ̀ pé ìwé tí àwọn ọ̀gá náà kọ sílẹ̀ ló jí i dìde fún wọn. Ní nǹkan bí ọdún 1409 ni Fiore dei Liberi, ará Ítálì, kọ ìwé tirẹ̀. Nínú ẹ̀dà rẹ̀ kan tó wà ní Los Angeles báyìí, ìjàkadì ló fi bẹ̀rẹ̀ kó tó kan ọ̀bẹ àti idà. Ó ya ẹni méjì-méjì tó gbá ara wọn mú. Ó dé ọ̀gá tó ń fi ìdìmú hàn ládé wúrà, ó so ọ̀já wúrà mọ́ abẹ́ orúnkún ọmọ iṣẹ́ tó ń parí ìjà, ẹni tó sì mọ bí wọ́n ṣe ń já ìdìmú náà gba adé àti ọ̀já pọ̀. Ẹni tó bá ṣí ojú ewé náà lónìí yóò mọ ẹni tó ń borí, yóò sì rí ibi tí ọwọ́ wà. Ní 1539 ni wọ́n tẹ ìwé Fabian von Auerswald jáde ní Wittenberg, ìjàkadì nìkan ló dá lé lórí. Baba náà ti lé lẹ́ni 70 ọdún nígbà náà, òun fúnra rẹ̀ sì ni wọ́n yà síbẹ̀ tó ń gbé àwọn ọ̀dọ́ ṣubú. Àgbà tó mọ̀ ọ́n jà kò jẹ́ kí ìmọ̀ náà bá òun wọlẹ̀.

Àwọn kan á ní ìwé kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní ìjàkadì rí, orí ilẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ ọ. Òótọ́ ni. Kódà àwọn tó ń fi ìwé jí ìjà idà dìde ṣì ń jiyàn lórí àwòrán kan ṣoṣo, nítorí ẹni tó kọ ọ́ rò pé òǹkàwé ti mọ ìyókù. Ìdí gan-an nìyẹn tó fi yẹ ká kọ tiwa nísinsìnyí tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣì wà láàyè láti dáhùn ìbéèrè. Iyàn tó le jù ni ti àwọn tó ń tọ́ka sí Ifá, pé ó wà lórí àwọn babaláwo láti ìran dé ìran láìsí ìwé. Ṣùgbọ́n babaláwo ń fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ṣẹ́, ó ń ké ẹsẹ Ifá létí ọ̀gá rẹ̀ títí yóò fi já gaara. Ọmọ mélòó ló ń kọ́ ìjàkadì báyẹn lónìí? Pẹ̀lú gbogbo rẹ̀ náà, Wándé Abímbọ́lá ṣì tẹ Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá jáde ní 1968. Adébóyè Babalọlá ti kó oríkì orílẹ̀ jọ sínú ìwé ní 1967. Bí oríkì bá yẹ ní kíkọ, kí ló dé tí ohun tí oríkì ń yìn kò fi yẹ?

Ẹlòmíràn á ní awo wà nínú rẹ̀. Johannes Liechtenauer ti Jámánì náà ka iṣẹ́ tirẹ̀ sí awo. Ó fi ewì tó ṣókùnkùn pa ẹ̀kọ́ idà rẹ̀ mọ́ kí ará ìta má baà mọ̀ ọ́n. Bí kì í bá ṣe àwọn tó tẹ̀ lé e tí wọ́n kọ àlàyé sí i lẹ́sẹẹsẹ, ewì náà ì bá ti di àdììtú. Ètùtù àti oògùn lè wà lọ́wọ́ àwọn tó ni ín. Ìdìmú àti ìgbéṣubú ni mò ń sọ, gbangba ojú agbo sì ni wọ́n ti ń ṣe é. Fídíò orí fóònù kò sì tó: ó máa ń ya ẹ̀yìn tó kanlẹ̀, kì í ṣàlàyé ẹsẹ̀ tó kọ́ onítọ̀hún lẹ́sẹ̀ kó tó ṣubú.

Nítorí náà, mo bẹ ẹgbẹ́ ọmọ Ọ̀fà nílé lóko, àti ẹ̀yin olùkọ́ Políìtẹ́kíníìkì ìlú wa: kí Onímọ́kà tó ń bọ̀ tó dé, ẹ pe àwọn àgbà tó ti jà rí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n di ara wọn mú ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ayàwòrán yà á, kí akọ̀wé sì kọ orúkọ tí wọ́n bá pe ìdìmú kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ní Yorùbá. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ sì fi ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ tó wà ní Ọ̀fà.