Abọ́ Oúnjẹ Kì Í Ṣe Ohun Ìtìjú

Ẹ̀yin ará wa ní Sabon Gari àti ní gbogbo àdúgbò Kano! Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó oṣooṣù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tí ó jẹ gbèsè mọ ara wọn. Ọ̀rọ̀ ikùn ni, àti ọ̀rọ̀ wákàtí kan ṣoṣo tí òṣìṣẹ́ ní láti fi jẹun lọ́sàn-án.

Ní ìpàdé wa tí ó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Sharada ti ẹnu iṣẹ́ wá tààrà. Ó ṣí abọ́ tí ó gbé kúrò nílé láàárọ̀, ó fẹ́ jẹun. Ńṣe ni àwọn kan bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ń pè é ní ọmọ jẹ́léósinmi. Ọmọ náà dé abọ́ rẹ̀ padà. A dákẹ́ lọ́jọ́ náà nítorí pé àlejò wà láàárín wa, ṣùgbọ́n a kò ní dákẹ́ mọ́.

Kí ni àwọn tí ń rẹ́rìn-ín wọ̀nyí ń jẹ lọ́sàn-án? A mọ̀ ọ́n, nítorí a jọ ń gbé ni. Àwọn kan ń ra búrẹ́dì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan, wọn yóò jẹ ẹ́ ní ìdúró, ó parí. Kí agogo mẹ́ta tó lù, ara wọn ti ń gbọ̀n. Àwọn mìíràn kò fẹ́ jẹ ohun kan bí kò ṣe àmàlà. Wọn yóò wọ Adaidaita Sahu láti Sharada wá sí Sabon Gari, wọn yóò tò sẹ́yìn èrò, wọn yóò tún wọ òmíràn padà. Owó ọkọ̀ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó oúnjẹ, wọn yóò sì pẹ́ dé ẹnu iṣẹ́. Bí ọ̀gá bá fún wọn ní kúérì, wọn á ní nítorí pé àwọn jẹ́ Yorùbá ni. Ẹ̀yin ará, kì í ṣe gbogbo kúérì ni ọ̀rọ̀ ẹ̀yà. Òmíràn, ọ̀rọ̀ àmàlà ni.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn dùn wá jù ni àwọn tí kì í jẹ nǹkan kan, tí wọ́n ń fi oògùn ara ríro lé ebi àti àárẹ̀. Àwọn dókítà ti ṣàlàyé tipẹ́ pé ohun tí ó sábà ń fa ọgbẹ́ inú ni kòkòrò àrùn kan, àti irú oògùn bí ibuprofen àti diclofenac. Ẹni tí ó ń gbé e mì lójoojúmọ́ sínú òfìfo ikùn, ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi ń dá ọgbẹ́ sí ara rẹ̀.

Wọ́n á ní àwọn kò lè jẹ oúnjẹ Hausa. Èwo ni oúnjẹ Hausa? Túwó dáwà, ọkà bàbà ni. Miyan kuka tí ẹ ń yínmú sí, lúrú ni, lúrú tí wọ́n ń jẹ ní Ṣakí àti Ìlọrin. Kosai kò ju àkàrà lọ. Nígbà tí a wà ní Ìbàdàn, ẹsẹ̀ ara wa ni a fi ń rìn lọ sí Sábó láti lọ ra súyà àti fúrà. A wá dé ilẹ̀ tí fúrà ti wá, a di ẹni tí kò lè jẹ ẹ́! Ìgbéraga yìí ń bà wá lẹ́rù, nítorí àwọn ará ibí ń wò wá. Ìyá tí ń ta dan wake lẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́ mọ ẹni tí ó ń jẹ oúnjẹ rẹ̀, ó sì mọ ẹni tí ó ń tutọ́ sílẹ̀ bí ó bá ń kọjá. Bí nǹkan bá le nílùú lọ́jọ́ kan, ẹnu irú ìyá bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò ti gbọ́ irú ẹni tí a jẹ́.

Ṣùgbọ́n kí àwọn ọ̀gá má rò pé a gbè sẹ́yìn wọn. Òfin Iṣẹ́ ọdún 1974, ní abala 13, sọ pé ẹni tí ó bá ṣiṣẹ́ wákàtí 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́ gbọ́dọ̀ ní ìsinmi tí àpapọ̀ rẹ̀ kò dín ní wákàtí 1. Níbi iṣẹ́ ọmọ tí a fi ṣe yẹ̀yẹ́ yẹn, ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n ń fún wọn, ẹ̀rọ kò sì gbọdọ̀ dúró. Ìdí nìyẹn tí abọ́ rẹ̀ fi kún títí di ìrọ̀lẹ́. Ta ni ó bi í léèrè kí ó tó rẹ́rìn-ín? Kí ẹni tí irú èyí bá ń ṣẹlẹ̀ sí má dá jà o. Kí ó wá rí akọ̀wé, kí a lè jọ kọ ìwé.

Ẹnìkan á ní ooru oṣù kẹta kì í jẹ́ kí oúnjẹ pẹ́ kí ó tó bàjẹ́. Òótọ́ ni. Ẹ kó ìrẹsì gbígbóná sínú kúlà, kí ẹ dé e pinpin, kí ẹ má sì ṣí i títí di ọ̀sán. Bí kò bá sí kúlà, gàrí àti kúlíkúlí kì í bẹ̀rù oòrùn, ìlú tí wọ́n sì ti ń to àpò ẹ̀pà bí òkè nígbà kan kò lè ṣaláìní kúlíkúlí. Ẹ̀yin ìyá wa olóúnjẹ, ẹ̀yin náà lè gbé àmàlà yín dé ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ ní agogo méjìlá, dípò kí òṣìṣẹ́ máa sáré wá bá yín.

Ní ìpàdé oṣù tí ń bọ̀, a ó mú àbá kan wá, pé kí ẹnikẹ́ni tí ó bá fi abọ́ oúnjẹ ọmọ ẹgbẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ san owó ìtanràn. Kí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn jọ̀wọ́ gbé abọ́ rẹ̀ wá.