Igba Ojú àti Fèrèsé Ilé Ìdáná

Àwọn àgbà ní ojú mẹ́rin ní í bí ọmọ, igba ojú ní í wò ó. Bí a bá ń pa òwe yìí lóde òní, ìwà la sábà máa ń dá lẹ́bi: a ní ayé ti bàjẹ́, kálukú ti di tara-rẹ̀-ló-mọ̀. Lójú tèmi, ẹjọ́ ìwà nìkan kọ́. Igba ojú kò lè wo ọmọ tí wọ́n fi fẹ́ǹsì sé mọ́lé.

Lọ́dún 1967, obìnrin kan ní Dẹ́ńmáàkì, Bodil Graae, kọ àròkọ sínú ìwé ìròyìn Politiken pé ó yẹ kí ọmọ ní ọgọ́rùn-ún òbí. (Ojú ọgọ́rùn-ún ènìyàn, igba ojú tiwa náà nìyẹn.) Ṣáájú rẹ̀, ní 1964, Jan Gudmand-Høyer tó ń yàwòrán ilé àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ra ilẹ̀ sí Hareskov, lẹ́yìn ìlú Copenhagen, kí wọ́n lè jọ máa gbé. Àwọn tó ti wà níbẹ̀ yarí, wọ́n ní ariwo ọmọdé yóò pọ̀ jù. Ilẹ̀ náà di títà. Ó di 1972 kí àwọn ẹbí kan tó kó wọ Sættedammen, ilé àjọgbé kan nítòsí Hillerød.

Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, kálukú ló ní ilé tirẹ̀, ilé ìdáná tirẹ̀, ìlẹ̀kùn tó lè tì, owó kálukú sì wà lápò rẹ̀. Ṣùgbọ́n etí ilẹ̀ níta ni wọ́n ń gbé mọ́tò sí, kí ọ̀nà àárín ilé lè jẹ́ ti ẹlẹ́sẹ̀ àti ọmọdé. Ọ̀nà yẹn ni fèrèsé ilé ìdáná sábà máa ń kọjú sí. Ẹni tó ń gé àlùbọ́sà kàn gbójú sókè ni, ó ti rí ọmọ tó ń gun igi, ìbáà ṣe tirẹ̀, ìbáà ṣe ti ẹlòmíràn. Kò fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti ṣọ́ ọmọ. Ilé àpapọ̀ wà láàárín, níbi tí wọ́n ti ń jọ jẹun alẹ́ lọ́jọ́ mélòó kan lọ́sẹ̀. Ẹni tó bá kàn ni yóò dáná fún gbogbo ilé. Àwọn baba wa ò ní ṣe háà sí èyí: agbo ilé wọn ní àgbàlá láàárín, gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló sì kọjú sí i.

Ètò náà dé Amẹ́ríkà, wọ́n sì parí Muir Commons, ilé 26, ní Davis ní California ní 1991. Ṣùgbọ́n òpópónà N ní ìlú kan náà ló wù mí jù. Wọn ò kọ́ ilé tuntun kankan níbẹ̀ láti fi bẹ̀rẹ̀. Ní 1986, ilé méjì tó múlé gbe ara wọn wó fẹ́ǹsì àárín wọn. Nígbà tó yá, ilé mìíràn wó tirẹ̀, òmíràn tún tẹ̀ lé e, ẹ̀yìnkùlé wọn wá di ọ̀kan.

Ẹ má rò pé ọ̀fẹ́ ni o. Igba ojú ní ẹnu tirẹ̀. Ìpàdé ò ní tán: lórí ajá, lórí ariwo, lórí ẹni tí kò fọ ìkòkò. Ọ̀pọ̀ wọn kì í dìbò, wọ́n á jókòó ti ọ̀rọ̀ títí ẹnu yóò fi kò. Ó sì máa ń pẹ́: àwọn obìnrin tó dá New Ground sílẹ̀, ilé àjọgbé kan ní High Barnet ní Lọ́ńdọ́nù, bẹ̀rẹ̀ ètò tiwọn ní 1998. 2016 ni wọ́n tó kó wọlé. Wọ́n ti lé ní àádọ́ta ọdún, ojú tí yóò wo àwọn fúnra wọn lọ́jọ́ ogbó ni wọ́n ń wá.

Èyí tó le jù ni pé ojú tó bá wo ọmọ ẹni yóò fẹ́ bá a wí. Bí aládùúgbò bá sì bá ọmọ wí lónìí, ìyá ọmọ á ní, “Ta ló rán ọ níṣẹ́?” Ẹni tó ń wá igba ojú kò lè máa yan èyí tí yóò dijú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń jọ dáwó ra ilẹ̀ lọ́nà Mowe, kí ẹ tó dúnàádúrà fẹ́ǹsì àti géètì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó ń yàwòrán ilé yín pé ibo ni fèrèsé ilé ìdáná yóò kọjú sí.