Ẹ Má Pe Àìsàn Àbúrò Mi Ní Ọ̀lẹ

Wọ́n ní ọ̀lẹ ni àbúrò mi. Tíṣà kan ló kọ́kọ́ sọ ọ́, àwọn ọmọ kíláàsì gbà á lẹ́nu rẹ̀, ó sì di orúkọ. Ẹ̀rí kan ṣoṣo ni wọ́n ní: "Ṣebí àná ló ń ṣeré, báwo ni orí ṣe wá ń fọ́ ọ lónìí tí a ní kí ó gé koríko?" Ẹ̀rí yìí gan-an ni mo fẹ́ bá jà.

Chiari ni orúkọ àìsàn náà. Hans Chiari, dókítà ará Ọ́stríà, ló ṣàlàyé rẹ̀ ní Prague lọ́dún 1891, nítorí náà kì í ṣe àwáwí tí màmá mi hùmọ̀. Ihò kan wà nísàlẹ̀ agbárí, níbi tí ọpọlọ ti so mọ́ okùn tó gba inú ọ̀pá ẹ̀yìn kọjá. Lára ẹni tó ní Chiari, apá ìsàlẹ̀ ọpọlọ tó wà ní ìpàkọ́ yọ́ wọ inú ihò yìí, ó há síbẹ̀, omi tó ń ṣàn yí ọpọlọ ká kò sì rí ọ̀nà kọjá bó ti yẹ. Bí ọmọ náà bá wúkọ́, tó sín, tó rẹ́rìn-ín jù, tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tàbí tó gbé ẹrù wúwo, ìpàkọ́ á máa fọ́ ọ bí ẹni pé wọ́n ń fi òòlù gbá a. Nígbà mìíràn òòyì á kọ́ ọ, ọwọ́ rẹ̀ á kú. Tó bá sinmi, á rọlẹ̀, ara rẹ̀ sì lè le koko fún ọjọ́ púpọ̀. Bí àìsàn náà ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Àná tó dára kò sọ tòní di irọ́.

Ẹ wá wo ìjìyà ilé ìwé wa: bẹ̀rẹ̀ kí o fi ìka kan kanlẹ̀, fò bí ọ̀pọ̀lọ́, ru omi, gé koríko. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ kí Chiari ru sókè kò lè ṣe jù báyìí lọ.

Àwọn tíṣà ní bí a bá yọ̀ǹda ẹnì kan, orí gbogbo kíláàsì ni yóò máa fọ́. Òótọ́ ni pé à ń purọ́. Èmi náà ti purọ́ inú rírun rí nítorí ìdánwò Físíìsì. Ṣùgbọ́n bí òpùrọ́ bá fi ogún ìṣẹ́jú sinmi, kí ni ilé ìwé pàdánù? Bí aláìsàn bá ṣubú sínú koríko ńkọ́? Wọ́n tún ní, "Ta ni orí kì í fọ́?" Ohun tó ń ṣe Àbóyadé kọ́ ló ń ṣe gbogbo ọlọ́ya níbí o.

Ilé wa náà jẹ̀bi. Odidi ọdún kan la fi ń wá ọ̀tá kiri láti ilé àdúrà kan sí òmíràn, kí àwòrán MRI tó fi ohun tó wà nínú orí rẹ̀ hàn. Owó rẹ̀ pọ̀, mi ò ní tàn yín. Dókítà ní kò tíì kan iṣẹ́ abẹ: kó má gbé ẹrù wúwo, kó máa mu omi dáadáa kó má baà máa fipá yàgbẹ́, kó sinmi bó bá ti ń bẹ̀rẹ̀, kó sì máa kọ ohun tó fà á sílẹ̀. Bí oúnjẹ bá ń há a lọ́fun, bí apá tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń rọ, bí mímí bá nira, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀.

Lẹ́tà dókítà wà ní ọ́fíìsì láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tíṣà wa, ẹ jẹ́ kó dé ọwọ́ gbogbo ẹni tó ń fìyà jẹ ọmọ. Bó bá ṣẹ̀, ẹ ní kó nu pátákó.

Mo ka ìwé tó ń kọ ọ́ sí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ló ru sókè ní sáà yìí. Ikọ́ fa méjì, àwàdà mi fa ọ̀kan. Níwájú mẹ́fà tó kù, "ìjìyà" ló kọ síbẹ̀.